Táksì ní Ìkòròdú: èwo la lè fọkàn tán, kí la sì fẹ́ kí ìjọba ṣe sí i?

Ìyá Ìtàmáàgà:
Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ kú ojú ọ̀nà o, ẹ sì kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo gbé wá, wọ́n sì so kọ́ra.

Àkọ́kọ́: ìyá wa ń gba ìtọ́jú orúnkún nílé ìwòsàn àwọn eléegun ní Ìgbóbì. BRT la máa ń wọ̀ lọ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí wọn ò lè dúró pẹ́ lórí ìlà mọ́, gígun àtẹ̀gùn ẹnu bọ́ọ̀sì náà sì ti di wàhálà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ò kúkú ní dé ibẹ̀. Táksì ló kù. Ṣé kí n máa pe ti orí áàpù fóònù bíi Uber àti Bolt ni, àbí kí n bá àwọn kábúkábú Sábó sọ ọ́, àbí ọ̀nà mìíràn wà tó yẹ arúgbó?

Èkejì: CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò, èmi ni wọ́n ní kí n gbọ́ tẹnu ará ìlú. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ohun tí mo rò nìkan ló máa wà nínú ìwé yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ táksì àti ẹ̀yin tí ẹ ń wà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Kí ló ń dùn yín? Òfin wo ló ń dáàbò bo yín, èwo ló kàn ń gbowó?

Ọmọ Àgíríìkì:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ti orí áàpù lèmi máa ń pè. Mo rí orúkọ àti àwòrán awakọ̀, mo rí nọ́ḿbà ọkọ̀, iye tí mo máa san sì ti hàn kí n tó wọlé. Ìyẹn nìkan tó fún mi láti fẹ́ràn rẹ̀ ju ọkọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà lọ.

Ṣùgbọ́n láti Ìtàmáàgà, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í pè é. Wọ́n á gbà á, wọ́n á wá pè yín lórí fóònù: "Níbo lẹ̀ ń lọ mà? Káàṣì ni àbí káàdì?" Tí ẹ bá ti sọ pé ẹ̀ ń lọ ibi tí kò wù wọ́n, tàbí pé káàdì lẹ fẹ́ fi san, ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lórí máàpù yẹn á dúró sójú kan. Á dúró títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí ẹ̀yin wọ́gi lé e fúnra yín, torí wọn ò fẹ́ kí ẹ̀bi rẹ̀ kọ sí wọn lórúkọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sínú lẹ́tà yín nìyẹn: ẹni tó bá ti gba ìpè, kó wá.

Dẹ́rẹ́bà Sábó:
Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Èmi wà lára àwọn tí ẹ ń pè ní kábúkábú, mi ò sì bínú sí orúkọ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbérò ní Sábó. Àwọn màmá àgbà tí mo ń gbé lọ sí ọsibítù pọ̀ tó jẹ́ pé fóònù tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ wọn ló ń pè mí lálẹ́ pé, "Bọ̀dá, àfẹ̀mọ́júmọ́ ọ̀la o." Mo mọ ilé wọn, wọ́n mọ ilé tèmi. Tí mo bá ṣe ohun tí kò dáa, wọn ò ní wá mi jìnnà kí wọ́n tó rí mi.

Ẹ wá béèrè òfin tó kàn ń gbowó. Ní 2022 ni ìjọba Èkó kéde pé kí awakọ̀ èrò máa san 800 náírà lójúmọ́, pé gbogbo owó kéékèèké tí wọ́n ń gbà káàkiri á di ẹyọ kan ṣoṣo. Inú wa dùn sí i, torí ohun tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Àmọ́ títí di òní, tí mo bá gbérò láti Sábó dé Máìlì 12, ọwọ́ tó ń nà sí fèrèsé mi fún tíkẹ́ẹ̀tì ju ọ̀kan lọ. Tí n kò bá san, wọ́n á yọ wáìpà mi, tàbí kí wọ́n jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Ibo lẹ rò pé mo ti máa rí owó yẹn? Orí owó ọkọ̀ yín ló ń já sí.

Mi ò kọ òfin. Mo fẹ́ ìwé tó máa ní orúkọ mi àti àwòrán mi, tí máa fi há ara ọkọ̀ kí gbogbo ayé rí i. Kí n sanwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹnikẹ́ni má tún dá mi dúró.

Ìyá Aláta Máìlì 12:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti wa tí a ń darí sílé lóru. Ọ̀rọ̀ áàpù àti ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló wà lọ́kàn tèmi bí kò ṣe wan ṣáàǹsì.

Wọ́n gbé ọmọ ọjà wa kan ní Kétu nírọ̀lẹ́, ó rò pé Ìkòròdú lòun ń lọ. Ọkùnrin méjì ti wà lẹ́yìn, ọ̀kan wà níwájú, àyè kan ṣoṣo ló kù, àárín sì ni. Ó wọlé. Wọ́n gba gbogbo owó ọjà rẹ̀, wọ́n jù ú sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo wa ní ìsọ̀ ti fẹnu kò: a kì í jókòó sí àárín ọkùnrin méjì nínú ọkọ̀ kékeré, bó ti wù kí òjò máa rọ̀. Tí awakọ̀ bá ní kí o wọlé, kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibi tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn láti inú. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí ilẹ̀kùn ò ṣí, ṣe bí ẹni tó gbàgbé ohun kan, kí o bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń pe "Ìkòròdú, ẹnì kan péré!" níbi tí kò sí gárééjì, tí kò sì sí ẹlòmíràn tó ń dúró níbẹ̀, fi í sílẹ̀ kó máa lọ.

Èmi máa ń pe ọmọ mi, màá sọ nọ́ḿbà ọkọ̀ náà sókè kí awakọ̀ gbọ́. Ọmọlúàbí ò ní bínú sí i. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń bá mi tún nọ́ḿbà náà pè dáadáa.

Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n fi iná sí gbogbo ibi tí èrò ti ń dúró lóru.

Awakọ̀ Ìgbogbo:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọkọ̀ áàpù ni mò ń wà, mo sì ka ohun tí Ọmọ Àgíríìkì kọ. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà yín ò bá fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, kò ní yanjú.

Nígbà tí Uber dé Èkó ní 2014, tí Taxify tó di Bolt sì tẹ̀ lé e ní 2016, owó ń wọlé. Wọ́n ń fún awakọ̀ ní àjẹmọ́nú, epo sì rọjú. Kó tó di pé wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún 2023, a ń ra jálá kan ní nǹkan bíi 185 náírà. Kí oṣù Keje tó parí ó ti di 617. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹwàá 2024 ó ti lé ní 1,000. Owó ọkọ̀ orí áàpù ò lọ sókè bí epo ṣe lọ. Nínú owó tí ẹ bá san, àwọn áàpù ńlá ń yọ ìdá 20 sí 25 nínú 100. Èyí tó kù ni máa fi ra epo, máa fi tún ọkọ̀ ṣe, máa fi dá owó olówó ọkọ̀ padà lọ́sẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa kọ́ ló ni ọkọ̀ tí à ń wà.

Ẹ wá wo Ìkòròdú fúnra rẹ̀. Ẹni tó pè mí láti Ìjẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo wà ní Bẹ́ńsìn, kò sẹ́ni tó ń sanwó ìrìn yẹn fún mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí mo bá gbérò láti Ìkeja wá sí Báyékù lálẹ́, òfìfo ni máa bá padà. Ní ti káàdì, owó náà ò ní wọ ọwọ́ mi lójú ẹsẹ̀, epo tí máa rà lónìí sì ń dúró dè mí. Ìyẹn ló ń mú kí wọ́n béèrè, "Káàṣì ni àbí káàdì?" Kò dáa, mo gbà, torí ẹ ò lè máa gbé owó kiri lóru nítorí tiwa. Ẹni tó lágbára láti yanjú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ áàpù, wọ́n lè san owó káàdì fún awakọ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì fi owó díẹ̀ kún ìrìn tó bá jìnnà kí a tó gbérò.

Ní ti òfin: oṣù Kẹjọ 2020 ni ìlànà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lórí ọkọ̀ áàpù bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ni kí ilé iṣẹ́ máa san ìdá 10 nínú 100 lórí ìrìn kọ̀ọ̀kan. Ariwo sọ, wọ́n sọ ọ́ di 20 náírà lórí ìrìn kan, wọ́n ní fún àtúnṣe ọ̀nà ni. Ilé iṣẹ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tó 1,000 ni wọ́n ní kó san mílíọ̀nù 10 náírà fún ìwé àṣẹ, èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ mílíọ̀nù 25, kí wọ́n tó tún dín in kù. Awakọ̀ ní láti ní láísẹ́ǹsì, káàdì LASDRI (ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó), ìwé àṣẹ ọkọ̀ èrò, àti ìnṣọ́ráǹsì tó kún. Ìnṣọ́ráǹsì yẹn ni mo fara mọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ó kan ìwọ tí o jókòó lẹ́yìn.

Ohun kan tí ẹ kì í rò: àwa náà ń bẹ̀rù yín. Ẹ mọ orúkọ mi, ẹ rí àwòrán mi. Èmi ò rí nǹkan kan ju orúkọ tí ẹni náà tẹ̀ síbẹ̀, ó sì lè má jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ti já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ awakọ̀, wọ́n ti pa àwọn mìíràn. Kí ẹ kọ ọ́ pé kí èrò náà fi ẹni tó jẹ́ hàn.

Ọmọ Àgíríìkì:
Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Mi ò mọ̀ pé owó káàdì kì í wọlé lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ẹ má gba ìpè tí ẹ ò ní lọ.

Awakọ̀ Ìgbogbo:
Mo gbà, àbúrò.

Àǹtí Ìnṣọ́ráǹsì:
Ẹ̀ka ìnṣọ́ráǹsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ tọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ wo àwọ̀ tí wọ́n fi kọ nọ́ḿbà rẹ̀. Pupa ni ti ọkọ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbígbé èrò. Búlúù ni ti ọkọ̀ àdáni. Lẹ́tà mẹ́ta tó wà níbẹ̀ ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti gbà á, KRD ni tiwa ní Ìkòròdú. Nọ́ḿbà búlúù kò sọ pé olè ni awakọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mú yín béèrè nípa ìnṣọ́ráǹsì rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Láti oṣù Kìíní 2023, ẹni tó ní ọkọ̀ àdáni ń san 15,000 náírà lọ́dún fún ìnṣọ́ráǹsì tó kéré jù, tí òfin sọ di dandan. Ìwé yẹn wà fún ọkọ̀ tí o fi ń lọ síbi iṣẹ́, tí o fi ń gbé ọmọ rẹ lọ sílé ẹ̀kọ́. Tí o bá wá ń fi gbowó lọ́wọ́ èrò, tí jàǹbá sì ṣẹlẹ̀, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ráǹsì lè sọ pé ohun tí a bá ọ dá májẹ̀mú lé lórí kọ́ nìyí. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá wá di ẹni tí ẹbí rẹ̀ ń dáwó ọsibítù fún. Mo ti rí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì mi, kì í dùn ún kà.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ lọ sí askniid.org, ẹ tẹ nọ́ḿbà ọkọ̀ náà síbẹ̀, á sọ bóyá ìnṣọ́ráǹsì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Dẹ́rẹ́bà tí ìyá yín á máa bá lọ léraléra, ẹ ṣe é fún un kí ẹ tó fún un níṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Sábó:
Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Búlúù ni tèmi. Kí n sọ ọ́ sí pupa, kí n kun ọkọ̀ ní yẹ́lò, ó túmọ̀ sí pé máa wọ gárééjì, máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ni gárééjì, máa dúró kí ó kàn mí. Owó tó ń lọ síbẹ̀ kí n tó gbé èrò àkọ́kọ́ pọ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ wa lọ. Tí ìjọba bá fẹ́ kí a wọlé, kí wọ́n dín owó ẹnu ọ̀nà kù.

Bàbá Ìta Ẹlẹ́wà:
Ẹ kú àpérò, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Nígbà tí Buba Marwa jẹ́ gómìnà ológun l'Ékòó, láàárín 1996 sí 1999, ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé, orúkọ rẹ̀ la sì fi ń pè é títí dòní. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó bá ní aláìsàn nílé ní Ìkòròdú, ọkọ̀ aládùúgbò ló máa ń bẹ̀. BRT bẹ̀rẹ̀ láti Máìlì 12 sí CMS ní 2008. Oṣù Kọkànlá 2015 ló tó dé Ìkòròdú. Ọdún méje la fi ń wò ó ní Máìlì 12 kó tó dọ́dọ̀ wa. Ohun tó dára máa ń pẹ́ kó tó gba orí afárá Májídùn kọjá.

Èyí tó ń ká mi lára nípa òfin ọkọ̀ l'Ékòó ni pé láti orí "ẹ má ṣe" ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2012 wọ́n fòfin de ọ̀kadà ní títì 475. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2020 wọ́n tún fi kún un, àti ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022 wọ́n lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Etí-Ọ̀sà, Àpápá, Lagos Mainland àti Erékùṣù Èkó. Ìkòròdú ò sí nínú wọn. Mi ò sọ pé kò nídìí. Ẹni tí ọ̀kadà ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ á mọ ìdí rẹ̀, àwọn eléegun Ìgbóbì pàápàá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí o bá gba igi lọ́wọ́ arọ, fún un ní nǹkan tó máa fi rìn.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ni ibùdókọ̀ táksì tó lórúkọ. Kó wà ní Sábó, kó wà ní gárééjì, kó wà lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù ìjọba. Kí wọ́n gbé pátákó síbẹ̀, kí wọ́n kọ iye owó láti ibẹ̀ dé Ògólóǹtò, dé Ìgbogbo, dé Ìmọ́tà, dé Máìlì 12. Kí gbogbo ènìyàn rí i, kí awakọ̀ má lè wo ojú aláìsàn kó tó dá iye. Tí epo bá gbówó, kí àwọn awakọ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jókòó, kí wọ́n tún pátákó náà kọ. Kò le jù bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Òwútù:
Bàbá, ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n pátákó nìkan ò tó. Nígbà tí ẹ̀rọ fíríìjì bá bà jẹ́ lọ́wọ́ mi mo mọ ibi tí máa gbé e lọ. Tí táksì bá ṣe mí níbi, ibo ni máa lọ? Mo gbàgbé báàgì tí ìwé ẹ̀rí mi wà nínú rẹ̀ sínú ọkọ̀ áàpù kan, mo kọ̀wé sí wọn, èsì tó ń wá ni pé "a ti gba ẹ̀sùn yín". Kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú. Awakọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló pè mí níkẹyìn, ó gbé e wá sí Òwútù, kò sì gba kọ́bọ̀. Awakọ̀ dáa, ilé iṣẹ́ ò gbọ́ràn.

Mo wá mọ̀ pé àjọ méjì wà tí a lè mú ẹ̀sùn lọ: FCCPC ti ìjọba àpapọ̀, àti LASCOPA ti ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n lẹ nọ́ḿbà wọn mọ́ inú gbogbo táksì, lẹ́yìn àga awakọ̀, níbi tí èrò ti lè rí i. Nọ́ḿbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó náà, 112 tàbí 767, kó wà níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bí èèyàn ṣe pọ̀ tó tí wọn ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Májídùn:
Ẹ má gbàgbé omi o. Ọkọ̀ ojú omi ń gbérò láti Ẹbúté Ìpákòdó, LAGFERRY, ọkọ̀ ojú omi ti ìjọba Èkó, náà ti wà níbẹ̀ láti 2020. Ẹni tó ń lọ Erékùṣù á bọ́ lọ́wọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Kò lè ran màmá lọ́wọ́ fún Ìgbóbì, ọkọ̀ tó ń mì sì lè má rọrùn fún orúnkún. Mo kàn ń sọ ọ́ fún àwọn mìíràn tó ń kà á.

Nígbà tí omi odò Ògùn bá kún, nínú oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí Ajégúnlẹ̀ àti Ìtòwólò ṣe rí kí ẹ tó gbéra. Omi máa ń gun títì níbẹ̀, iye tí táksì ń béèrè lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iye ojoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìgbogbo:
Ìyá Ìtàmáàgà, gbogbo wọn ti sọ̀rọ̀ òfin, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá wa, torí mo máa ń rí bí wọ́n ṣe ń fa àwọn arúgbó wọ ọkọ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Ẹ wá ọkọ̀ tí ìjókòó rẹ̀ kò rẹlẹ̀ jù, tí kò sì ga jù. Tó bá rẹlẹ̀, orúnkún á tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde. Iwájú ni kí wọ́n jókòó. Kí awakọ̀ ti àga náà sẹ́yìn títí dé òpin kí màmá tó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, kí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wọn kan ìjókòó, kí wọ́n rọra jókòó, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n yí ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ki ẹsẹ̀ kan bọ inú ọkọ̀ kí èkejì ṣì wà nílẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá náílọ́ọ̀nù sórí àga tó bá jẹ́ aláṣọ, ara á máa yọ̀ lórí rẹ̀, yíyí á rọrùn. Tí wọ́n bá ti jókòó tán, ẹ yọ ọ́ kí wọ́n tó de bẹ́líìtì.

Awakọ̀ tó bá ń kanra nígbà tí ẹ̀ ń ṣe gbogbo èyí, ẹ má pè é mọ́. Sùúrù rẹ̀ ṣe pàtàkì ju AC inú ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Tí ẹ bá jẹ́ kí ọjà Máìlì 12 kún, ìjókòó pípẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ á mú orúnkún wú.

Ìyá Ìtàmáàgà:
Olúwa á bù kún gbogbo yín. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Pátákó owó ọkọ̀, iná níbi tí èrò ti ń dúró, nọ́ḿbà ẹ̀sùn lẹ́yìn àga, ìwé àwòrán awakọ̀, owó káàdì lọ́jọ́ kan náà, ìnṣọ́ráǹsì. Mo rí i pé awakọ̀ àti èrò ò jìnnà síra bí mo ṣe rò. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí lórí ọ̀kan: ta ni ká kọ ọ́ sí? Àwọn kan nínú CDA ní ìjọba ìbílẹ̀ ò lágbára lórí áàpù.

Àǹtí Ìnṣọ́ráǹsì:
Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fún áàpù níwèé àṣẹ. Ti áàpù, ẹ kọ ọ́ sí ilé iṣẹ́ ètò ìrìnnà ti ìpínlẹ̀, kí ẹ fún aṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ní ẹ̀dà. Ti ibùdókọ̀, pátákó àti iná ojú pópó inú àdúgbò, ẹ mú un lọ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ má dà á pọ̀ sínú ìwé kan, wọ́n á máa jù ú síra wọn. Ẹ rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.

Dẹ́rẹ́bà Sábó:
Tí ẹ bá ń lọ fún un, ẹ ké sí wa. A ó yan èèyàn méjì láti Sábó bá yín lọ. Ìgbà tí ará ìlú àti awakọ̀ bá jọ wọlé, wọn ò ní lè sọ pé ẹjọ́ àwọn tó ń bára wọn jà ni.

Bàbá Ìta Ẹlẹ́wà:
Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà tọ́. Ẹ mú àwọn awakọ̀ áàpù náà lọ.

Awakọ̀ Ìgbogbo:
Mo wà níbẹ̀. Ìyá Ìtàmáàgà, ní ti màmá: tí ẹ bá fẹ́ lo áàpù, ẹ lo ibi tí wọ́n ti ń dá àkókò sílẹ̀ láti alẹ́, kí ẹ sì pe awakọ̀ náà ní kété tí ó bá gbà á. Sọ fún un pé arúgbó tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni, kó lè mọ̀ pé òun máa dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá fẹ́, á sọ ọ́ lálẹ́, ẹ ó sì rí ẹlòmíràn kí ilẹ̀ tó mọ́. Tó bá dé, kí nọ́ḿbà ara ọkọ̀ àti ojú awakọ̀ bá ti inú fóònù mu kí màmá tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ fi ìrìn náà ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé láti inú áàpù náà. Ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má ní kó dúró dè yín ní Ìgbóbì àfi tí ẹ bá ti jọ dá iye rẹ̀ ṣáájú, torí ìlà ibẹ̀ lè pẹ́, owó ìdúró á sì di ìjà. Tí ẹ bá sì rí Dẹ́rẹ́bà Sábó yìí gbà, tí ìnṣọ́ráǹsì rẹ̀ bá ti tọ́, èmi ní tèmi á ní kí ẹ gbé màmá fún un.

Dẹ́rẹ́bà Sábó:
Ẹ ṣé, ará mi. Mo ti ń bá Àǹtí sọ ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ráǹsì náà ní kọ̀rọ̀. Ìyá Ìtàmáàgà, ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún màmá?

Ìyá Ìtàmáàgà:
Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀ ni wọ́n ní kí a ti wà níbẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Sábó:
Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni máa wà lẹ́nu géètì yín. Ẹ bá mi wá ọ̀rá tí nọ́ọ̀sì sọ yẹn, aláṣọ ni àga iwájú mi.